Ọkàn Ìkókó Lójú Ẹ̀rọ: Iṣẹ́ Tí Mo Ṣe ní Okokomaiko

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbà ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe láyé, torí pé púpọ̀ nínú wọn ti jáde ìwé mẹ́wàá, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n máa forí lé. Mo lọ, mo sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo jókòó tán, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé àwòrán lẹ kàn ń yà nígbà yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò.

Iṣẹ́ mi nìyí. Mo máa ń fi ẹ̀rọ síkáànù wo ọkàn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kí n wọ̀n ọ́n, kí a lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ síkáànù aboyún, ẹ̀rọ kan náà ni, ohun tí a ń wá ló yàtọ̀. Ìyá ọmọ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa wo ẹnu mi. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́: ṣé ọmọ òun máa yè? Ẹ̀rọ kì í dáhùn ìyẹn. Àwa tí a ń kà á la máa ń dáhùn, bí a bá sì ṣì í kà, ẹni tó máa jẹ ìyà rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo ti kọ́ iṣẹ́ fífọ fíìmù èkísíréè, mo gbọ́ pé ilé-ìwòsàn ọmọdé kan ní Okokomaiko ń wá ènìyàn, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Ìgbà náà, láàárín àwọn ọdún 1980, owó oṣù ibẹ̀ kò ju kí a má sùn lébi lọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ilé-ìwòsàn náà ti kógbá sílé báyìí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà tó ni ín jẹ́ obìnrin, Dókítà Màmá ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Òun ló ra ẹ̀rọ síkáànù àlòkù láti òkè òkun, òun náà ló sì bẹ Ọ̀gbẹ́ni Àlàó pé kó wá máa lò ó. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó yìí ni ọ̀gá mi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ọ̀gá Àlàó, pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkùnrin tó máa ń fi sítáàṣì sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí á fi le gbagidi. Ó ti kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn odi, ó sì ti fi ọdún púpọ̀ ṣe é níbẹ̀ kó tó padà wálé. Kì í pariwo, kì í bú ènìyàn. Bí o bá ṣe nǹkan tí kò dáa, á kàn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún, á tún wọ̀ ọ́, á wá ní, "Tún un ṣe." Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù gíláàsì yẹn ju ẹgba lọ.

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan púróòbù, ìyẹn ohun tó dà bí ọṣẹ kékeré tí a ń gbé sí ọmọ láyà. Iṣẹ́ mi ni kí n ki jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń pa àyà ọmọ bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ láràárọ̀, kí ó má bàa tutù bá ọmọ. Ọmọ tí jẹ́ẹ̀lì tútù bá bà lójijì á ké, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, ohun tí a bá wọ̀n lásìkò yẹn kì í ṣe òtítọ́. Torí ọ̀rọ̀ ọ̀tútù yìí kan náà, a kì í tan fáànù ní yàrá wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ooru Okokomaiko nínú oṣù kẹta, ẹ bá mi rò ó. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń ṣe wá yẹ̀yẹ́ pé yàrá tí wọ́n ti ń se èèyàn méjì nìyẹn.

Ohun kejì tó ní kí n ṣe ló mú kí ìyá mi rò pé mo ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ó rán mi lọ sí ọjà Alaba Rago pé kí n lọ ra ọkàn àgbò wá. Kì í ṣe ẹran, ọkàn nìkan. Ó fi ọ̀bẹ là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi hàn mí bí yàrá inú rẹ̀ ṣe rí. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n lọ ra òmíràn, ó gé ìyẹn ní ìbú. Ọjọ́ kẹta, ó gé e láti igun dé igun. Ó ní bí mo bá ti mọ bí ọkàn ṣe ń rí nígbà tí a bá là á ní ọ̀nà gbogbo, ojú ẹ̀rọ kò ní rú mi lójú mọ́, torí pé lílà ni ẹ̀rọ náà ń là á, kò kàn lo ọ̀bẹ ni. Mo ra ọkàn títí alápatà ibẹ̀, ọmọ Haúsá kan, fi bẹ̀rẹ̀ sí wò mí ní ìwòkuwò.

Ó ní, "Madam, every day na heart. You no dey chop meat?"

Mo ní, "Na for school."

Ó ní, "Which kind school be that?" Ó gba owó rẹ̀, àmọ́ mo rí i pé ó rọra jìnnà sí mi díẹ̀. Mo bi ọ̀gá mi bóyá a lè máa se àwọn ọkàn náà lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ó ní kí ló burú níbẹ̀. Báyìí la ṣe ń fi ìwé wa jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án.

Nígbà tó wá fún mi ní púróòbù dì mú, mo rò pé ayé ti dé. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ láyà bí ẹni ń lọ aṣọ. Gíláàsì tún bọ́ lójú ọ̀gá. Ó ní, "Rẹ̀mí, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Egungun àyà ọmọ yìí kò tíì le. Gbé ọwọ́ rẹ lé e, má tẹ̀ ẹ́." Ó ní kí n lọ máa fi púróòbù tí a kò so mọ́ ẹ̀rọ rìn lórí tòmátì tó pọ́n láìjẹ́ kó fọ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà, àmọ́ kí ìdajì apẹ̀rẹ̀ tó tán, ọwọ́ mi ti rọ̀.

Ìwọ̀n wíwọ̀n fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ọkàn a máa ṣí kí ẹ̀jẹ̀ lè wọlé, a sì máa súnkì kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Èèyàn á wọn ìbú rẹ̀ nígbà tó ṣí tán, á tún wọ̀n ọ́n nígbà tó súnkì tán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń fi agbára rẹ̀ hàn. Ọkàn tó ń ṣàìsàn sábà máa ń fẹ̀, kì í sì súnkì tó bó ṣe yẹ, bíi rọ́bà tó ti ń dẹ̀. Ohun tó ṣòro ni pé ọkàn ìkókó kò tó èso àgbálùmọ̀, ó sì ń yára ju aago lọ. Àṣìṣe tí kò tó orí ìṣáná ti tó láti sọ ọmọ tó le di aláìsàn.

Ẹ̀rọ tiwa sì ní ìṣòro tirẹ̀. Bọ́tìnì tó fi ń wọn nǹkan fúnra rẹ̀ ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì sẹ́ni tó rí i ṣe. Ọ̀gá Àlàó wá dá ọgbọ́n kan. Ó mú fíìmù èkísíréè àlòkù, ó ní kí n fọ̀ ọ́ títí àwòrán ara rẹ̀ fi lọ tí ó mọ́ gaara, ó gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tún ra abọ́ ike kan, ó ti abẹ́rẹ́ gbígbóná bọ̀ ọ́, ó sì na okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja Ọ̀jọ́ fi ń dẹ ìwọ̀ kọjá nínú rẹ̀, ọ̀kan sókè èkejì. Ó fi rúlà rí i dájú pé sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ló wà láàárín wọn. Ó bu omi sí abọ́ náà, ó fi púróòbù wo ọ̀rá wọ̀nyẹn, ibi tí wọ́n hàn sí lójú ẹ̀rọ ló fi yíǹkì sàmì sí lára fíìmù. Fíìmù yẹn di òṣùwọ̀n wa. A máa ń fi kọ́ńpáàsì ẹlẹ́nu méjì mú ìbú ọkàn lójú ẹ̀rọ, a ó sì gbé e ka òṣùwọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, ó máa ń padà fi abọ́ yẹn yẹ òṣùwọ̀n wò, bóyá ó ṣì ń sọ òtítọ́.

Ẹ̀kọ́ tó le jù lọ kò kan ẹ̀rọ rárá. Lọ́jọ́ kan mo rí ohun tí kò dáa lọ́kàn ọmọ kan, mo sì mí kanlẹ̀ láìmọ̀. Ìyá ọmọ náà bú sẹ́kún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá dúró títí obìnrin náà fi lọ. Ó wá ní kí n jáde lọ bá àwọn ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta, kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí òun á fi pè mí. Mo jókòó tì wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mo ń wo ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń wò ó. Gbogbo ẹni tó bá ti yàrá yẹn jáde ni wọ́n ń ka ojú rẹ̀ bí ìwé ìròyìn. Nígbà tó pè mí padà, ó ní, "Ojú rẹ ò gbọdọ̀ sọ ohun tí ẹnu rẹ kò tíì sọ." N kò tún mí kanlẹ̀ mọ́ láéláé, àní nílé mi pàápàá, ọkọ mi a sì máa sọ pé òun ò mọ̀gbà tí inú ń bí mi.

Ẹ má bínú, mo fẹ́ sáré sọ bí iṣẹ́ náà ṣe yí padà kí n tó padà sí ọ̀ràn kan tí mo fò. Nínú àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ aláwọ̀ dé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ púróòbù á jẹ́ pupa, èyí tó ń lọ á jẹ́ búlúù. Àwọn ìyá rò pé ẹ̀jẹ̀ búlúù wà lára ọmọ àwọn, iṣẹ́ àlàyé wá pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tuntun ń wọn nǹkan fúnra rẹ̀, ó ń ṣírò fúnra rẹ̀, ó sì ń jẹ́ ká gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá Àlàó lò ó fúngbà díẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, ó padà sí Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló gbé darúgbó tó sì fi ayé sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Èmi gba ipò rẹ̀, mo sì kọ́ àwọn ọmọ mìíràn níṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo rán àwọn náà lọ ra ọkàn àgbò. Wọ́n kùn, àmọ́ wọ́n lọ.

Ọ̀ràn tí mo fò nìyí. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a ṣì ń lo ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan iná lọ, nígbà tó sì padà dé, ó dé pẹ̀lú agbára tí sitabiláísà wa kò lè mú. Ojú ẹ̀rọ dúdú, òórùn jíjóná gba yàrá. A pe Sọ́ńdè, ọmọ Ìbò kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Alaba, ọ̀dọ́kùnrin tó mọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ní, "Oga, everything dey okay. Na only the picture tube die. I no go see im type for this country. I go put television own. E go big small pass the former one, but e go clear well well."

Ọ̀gá Àlàó ní, "Make e big. My eye don old."

Nígbà tí Sọ́ńdè gbé e padà dé, inú gbogbo wa dùn. Àwòrán náà mọ́ kedere, ó sì tóbi. Nígbà yẹn, ta ni kì í fẹ́ kí ojú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tóbi sí i? Dókítà Màmá pè wá jọ, ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn ìyá ti kún bẹ́ǹṣì láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo béèrè bóyá kí n pọnmi sí abọ́ ọlọ́rá wa, ká yẹ òṣùwọ̀n wò. Ọ̀gá ní kí n fi í sílẹ̀ di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ó ní, "Dígí lásán ni wọ́n pààrọ̀. Etí tó fi ń gbọ́ràn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án." Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu létí mi, torí òótọ́ ni pé etí ẹ̀rọ, ìyẹn púróòbù, kò yí padà. A lẹ òṣùwọ̀n wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí tuntun, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá lọ́sẹ̀ yẹn ni Dọ̀kásì, télọ̀ kan láti Igbó-Elérin. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí a ń pè ní Màmá Ìfọ̀, ló bá a gbé ọmọ wá, àwọn méjèèjì wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Dọ̀kásì ti bí ọmọ méjì ṣáájú. Èyí àkọ́kọ́ lo ọjọ́ díẹ̀, èkejì kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó pa wọ́n. Dókítà Màmá wá gbọ́ ìró kan tí kò yẹ láyà ẹ̀kẹta yìí, ó sì ní torí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, ká wo ọkàn rẹ̀.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n. Ó gbé kọ́ńpáàsì ka òṣùwọ̀n, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkàn ọmọ náà ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń súnkì dáadáa o, àmọ́ ó fẹ̀. Dókítà Màmá ro ó pọ̀ mọ́ àwọn méjì tó ti lọ, ó ní bóyá ohun tó pa wọ́n nìyẹn, ká má jẹ́ kó pẹ́ jù. Ó gba ọmọ sílé ìwòsàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní oògùn tó ń mú kí ọmọ tọ̀ púpọ̀, kí iṣẹ́ ọkàn lè fúyẹ́. Ọ̀gá Àlàó ló sọ fún Dọ̀kásì pé ọkàn ọmọ rẹ̀ tóbi. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀.

Dọ̀kásì kò sunkún. Ó na ọmọ náà sí ìyá ọkọ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ yẹn kò gbé e mọ́. Ó máa ń fún omi ọmú sínú ife, Màmá Ìfọ̀ á máa fi ṣíbí bù ú fún ọmọ. Nọ́ọ̀sì bá a wí títí. Èmi náà lọ bá a, torí pé ẹgbẹ́ ni wá.

Mo ní, "Dọ̀kásì, ọmọ yìí ń wá yín o."

Ó ní, "Sister, mo ti mọ ojú méjì. Mi ò fẹ́ mọ ojú kẹta."

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wọn mú oyin àti omi àdúrà wá, wọ́n kọ orin ní ohùn ìsàlẹ̀. Màmá Ìfọ̀ ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ó sì pe ọmọ náà ní Kòkúmọ́. Wọ́n bi Dọ̀kásì pé orúkọ wo ni òun ìyá fún un. Ó ní òun ò ní orúkọ kankan. Kò yí ojú kúrò lára ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Màmá wọ yàrá wa, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ọ̀gá Àlàó, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ò yé mi. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò wú, kò mí hẹlẹhẹlẹ, kò làágùn tó bá ń jẹun. Ó wá ń gbẹ lójú mi, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn. Mo ti dá oògùn dúró, mo ti ní kí wọ́n fún un lómi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n."

Ọ̀gá kò dìde. Ó jókòó, ó ń wo òṣùwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí.

Ó ní, "Ọmọ Navy Town tó wá lánàá náà, ọkàn rẹ̀ fẹ̀. Ti ọmọ Ìbà, ó fẹ̀ díẹ̀. Ṣé gbogbo ọmọ àdúgbò yìí ni ọkàn wọn wá fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni?" Ó yíjú sí mi. "Rẹ̀mí, bu omi sí abọ́."

Mo bù ú. Omi dà sí mi lára. Ó ki púróòbù bọ omi, àwọn ọ̀rá náà hàn, funfun báláú. Ó gbé òṣùwọ̀n sí i. Ọ̀rá tó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan ló wà láàárín wọn, òṣùwọ̀n ń sọ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ojú ẹ̀rọ ti tóbi sí i, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti tóbi sí i, àmọ́ dígí tó ti jóná ni òṣùwọ̀n wa ṣì ń wọ̀n. Sọ́ńdè ti sọ ọ́ fún wa pé á tóbi. A gbọ́ ọ, a sì ṣọpẹ́ lé e lórí.

Ọ̀gá Àlàó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò nù ún. Ó ní, "Èmi ni mo ní ká má bu omi." Dókítà Màmá ní òun náà ló kọ oògùn, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan. Ọ̀gá gé fíìmù tuntun, ó sàmì sí i láti inú abọ́, ó ní kí a gbé ọmọ wá. Ó wọ̀n ọ́n. Ọkàn ọmọ náà kò fẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é rárá, àfi òùngbẹ tí àwa fi oògùn dá sí i lára. A ránṣẹ́ sí àwọn ìyá tó kù tó wá láàárín ìgbà yẹn. Ọpẹ́ ni pé kò sí èyí tó ti gba oògùn nínú àwọn ọmọ wọn.

Dókítà Màmá ní òun á lọ sọ fún àwọn ará ilé ọmọ. Ọ̀gá ní rárá, ẹnu tó sọ ti àkọ́kọ́ ló yẹ kó lọ. Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀ níwájú Màmá Ìfọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n lọ́jọ́ orí.

Ó ní, "Màmá, ọkàn ọmọ yín ò ní nǹkan kan. Àwa la ṣì í wọ̀n. Ẹ dárí jì wá."

Màmá Ìfọ̀ wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀rọ yín parọ́ ni?"

"Ẹ̀rọ ò parọ́. Àwa la ṣì í kà."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ká sọ ọmọ ní Kòkúmọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó bú wa dáadáa, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nígbà tó bú wa tán, ó gbé ọmọ jó díẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ Dọ̀kásì kò yíjú. Ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí gba omi, àwùjẹ̀ rẹ̀ kún padà, ó ń ké pẹ̀lú agbára, síbẹ̀ obìnrin náà ò gbé e. Ó ní ẹnu kan náà ló sọ pé ó tóbi, òun náà ló ní kò tóbi, èwo ni kí òun gbàgbọ́? Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ọmọ lè yè, kó má sì ní ìyá. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ máa lọ ilé, a ní ká wọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá Ìfọ̀ lọ bá àwọn ẹlẹ́mọ́tò sọ̀rọ̀ níta, ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Mo rí i tí Dọ̀kásì tẹ̀ lé mi wọ yàrá, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé abọ́ omi síwájú rẹ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: dígí tó jóná, dígí tó tóbi, òṣùwọ̀n àtijọ́.

Dọ̀kásì gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Bíi téèpù tó ti nà."

Ọ̀gá ní, "Báwo ni?"

"Téèpù tí a fi ń ránṣọ. Tó bá ti nà, gbogbo aṣọ téèyàn gé ló máa fẹ̀ jù tàbí kó há. Ẹni tó ni ara ò sì ṣẹ̀." Ó ti ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó yọ téèpù tirẹ̀ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá inú abọ́, ó wọn àárín wọn fúnra rẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá ki púróòbù bọ omi, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo òṣùwọ̀n tuntun, ó tún padà wọn ọ̀rá. Kò yára. A dúró dè é bí àwọn ìyá ṣe máa ń dúró dè wá.

Ó wá ní, "Ó bára mu. Ẹ gbé e lé ọmọ."

Mo tú aṣọ ọmọ, mo gbé púróòbù lé e láyà, ọkàn rẹ̀ yọ lójú ẹ̀rọ.

Dọ̀kásì ní, "Èyí tó ń ṣí tó ń pa dé yìí ńkọ́?"

Mo ní, "Ọkàn rẹ̀ ni."

"Ṣé bó ṣe yẹ kó máa lọ ló ń lọ yẹn?"

"Bó ṣe yẹ ni, Dọ̀kásì. Èmi ni mo dì í mú, mo ń rí i."

Ó sún mọ́ ọn, ó ń wò ó. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí ké. Mo fẹ́ yí i láṣọ, àmọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú tèmi. Ó gbé e bí ẹni tó ń gbé nǹkan tó gbóná, ó kọ́kọ́ gbé e jìnnà sí àyà rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fà á mọ́ra. Mo ní kí n bá a rẹ̀ ẹ́, mo ní, "Kòkúmọ́, ó tó, ó tó."

Ó ní, "Sister, ìyẹn lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Èmi ò tíì sọ ọ́ lórúkọ."

Ó tẹ ẹnu mọ́ ọmọ rẹ̀ létí, ó sì pè é. N kò gbọ́ orúkọ náà. Ọ̀gá Àlàó pa ẹ̀rọ, a sì jáde fún wọn.